Nípa Alùpùpù Oníná Rẹ àti Etí Ìyá Sùlé

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Alùpùpù oníná ni alùpùpù tí kì í mu epo. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Iná mànàmáná tí bátìrì náà bá gbà láti ara ògiri ilé, tàbí láti ara páánù tó ń gba oòrùn, ni ó ń tọ́jú pamọ́, òun náà ni ó sì fi ń yí táyà ẹ̀yìn nígbà tí ẹni tó gùn ún bá lọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò ní sàlẹ́ńsà, nítorí kò ní èéfín tí yóò tú. Kò sí epo tó ń gbiná nínú rẹ̀, nítorí náà kì í pariwo. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó mú mi jókòó kọ lẹ́tà.

O mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn aláìsàn mi nìyẹn. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan jẹ́ kí n tó sọ ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ni mo di àlàyé mú bí ẹni tí òòyì ń kọ́ ṣe ń di ògiri mú. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ti ilẹ̀kùn gbàà, màá fò dìde. Bí kò bá sì sí nǹkan kan tó dún, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù. Mo máa ń yíjú wo ẹ̀yìn mi nínú kíṣìnì ara mi.

Nígbà tí o pè mí, ẹkún ni àwa méjèèjì fi ọ̀rọ̀ ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni o bi mí: "Màmá, ṣé kí n dá a padà ni?" Mo ní kí o jẹ́ kí n ronú. Ìrònú náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, mo sì ti bẹ dírẹ́bà tó ń ná Moniya kí ó fi lé ọ lọ́wọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, nítorí Baálẹ̀ ti ní kí gbogbo abà pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti pinnu bóyá alùpùpù rẹ yóò tún wọ Abà Ìdí-Àfọ̀n.

Jẹ́ kí a sọ ohun tó wà nílẹ̀ ní tààrà. Bí wọ́n bá ní kí ó má wọ̀ ọ́ mọ́, ẹsẹ̀ ni ìwọ àti kúláà abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò máa fi rìn láti ojú títì ńlá. Oòrùn yóò máa pa abẹ́rẹ́ náà lọ́nà. Àwọn ọmọ ọwọ́ tó wà ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìdí-Àfọ̀n kò sì ní rí ọ mọ́ rárá. Bí wọ́n bá sì ní kí ó máa wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ Ìyá Sùlé nìkan ni yóò yẹ̀.

Iwájú ni ojú rẹ wà lọ́jọ́ náà, o kò rí ohun tí mo rí. Fetí sílẹ̀ kí n sọ ọ́.

Mo dé abà ṣáájú rẹ, nítorí mo fẹ́ wo ibi tí iṣẹ́ tuntun gbé ọmọ mi lọ. O mọ títì ọlọ́dà tó gba ẹ̀bá abà kọjá. Etí títì yẹn ni wọ́n ń sá láfún sí, nítorí ọ̀dà máa ń mú oòrùn ju ilẹ̀ lásán lọ. Ìyá Sùlé àti ìyàwó Sùlé ti tẹ́ láfún wọn sí apá ọ̀tún, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Mo ká ìró mi sókè, mo bá wọn bẹ̀rẹ̀. Kíá ni mo ṣàkíyèsí pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò bẹ̀rù ọkọ̀ ni?"

Ìyá Sùlé rẹ́rìn-ín. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ wo ni kò ní kọ́kọ́ kí mi? Kó tó yọ ní kọ́nà ọ̀pẹ yẹn ni mo ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀kadà Ràfíù ń gbó bí ajá. Ti ọmọ Baálẹ̀ ń wúkọ́. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbé ìyẹn lọ sí ọsibítù yín, kẹ́ ẹ lọ wo àyà fún un!"

Ìyàwó Sùlé ní, "Ti nọ́ọ̀sì nìkan la kì í gbọ́. Ẹlẹ́sẹ̀-ológbò la sọ ọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Ìyá Sùlé dáhùn, "ológbò kì í ṣáà jẹ láfún."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu wa nígbà tí họ́ọ̀nù dún lẹ́yìn wa, gan-an lẹ́yìn wa, bí ẹni pè mí láti inú agbárí ara mi. N kò gbọ́ nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wo etí, tí mo ka ìwé etí nílé àti lókè òkun, etí mi méjèèjì pé, n kò gbọ́ pé ọmọ mi ń bọ̀.

O ti ń gba àárín títì bọ̀, lápá òsì wa. Bí Ìyá Sùlé bá dúró sójú kan, ò bá kọjá láìfara kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Wọ́n fò. Òsì ni wọ́n fò sí, síwájú rẹ. Mo rí i tí o yà bàrá wọ inú láfún. Mo rí i tí ọwọ́ alùpùpù gbá ọwọ́ Ìyá. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan funfun. Ìwọ wà nílẹ̀, Ìyá wà nílẹ̀, láfún bo orí yín. Alùpùpù náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yí, ó ń yí, kò dún. Àṣàkẹ́, bí mo bá pajú dé báyìí, táyà yẹn ni mo ń rí.

Ìyàwó Sùlé ló kọ́kọ́ ké: "Yéè! Ó ti pa wọ́n o!"

Láti inú ìyẹ̀fun yẹn ni a ti gbọ́ Ìyá: "Ta ló pa ta? Ẹ kó láfún mi kúrò nínú gọ́tà!"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọwọ́ tó yẹ̀ àti láfún tó dànù ni a fi gbà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi fò sí ibi tí ewu wà. Ẹni tí nǹkan bá ń bọ̀ lápá òsì rẹ̀, ọ̀tún ló yẹ kí ó sá sí. Nígbà tí o sáré lọ pe ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Moniya, mo ń fi ìborùn mi gbé ọwọ́ wọn kọ́ ọrùn, mo sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí etí wọn ọ̀tún. Wọ́n dáhùn. Mo yí sí òsì, mo sọ̀rọ̀ kan náà. Wọn kò mì.

"Ìyá, láti ìgbà wo ni etí òsì yìí kò ti gbọ́rọ̀?"

"Èwo? Ìyẹn ti sùn tipẹ́. Ibà kan ló ṣe mí nígbà tí mo wà nínú oyún Sùlé."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀kan tó kù ṣáà ń gbọ́ òfófó tó tó mi."

Wò ó bí ó ṣe rí. Orí máa ń mọ ibi tí ìró ti ń bọ̀ nípa fífi ohun tí etí ọ̀tún gbọ́ wé ohun tí etí òsì gbọ́. Etí tí ìró kọ́kọ́ dé, tí ó sì rinlẹ̀ jù sí, apá ibẹ̀ ni orí máa ń gbà pé nǹkan wà. Ẹni tó ní etí kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò fi wé ohun. Gbogbo ìró, apá etí tó yè ni ó máa ń rò pé ó ti ń bọ̀. Họ́ọ̀nù rẹ dún lápá òsì, Ìyá fi etí ọ̀tún gbọ́ ọ, wọ́n rò pé láti ọ̀nà oko tó yọ sí títì lápá ọ̀tún ni, wọ́n sì sá fún un. Wọ́n sá wọ iwájú rẹ.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa: họ́ọ̀nù tí o rò pé ó máa gbà wọ́n là ni ó tì wọ́n.

Alùpùpù elépo kò lè ṣe irú èyí, kì í ṣe nítorí pé ó dára jù, ṣùgbọ́n nítorí pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìró rẹ̀ máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ìyá Sùlé yóò ti nàró, wọn yóò ti yí gbogbo ara padà láti fi ojú wá ohun tí etí kò lè tọ́ka sí. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní Ìdí-Àfọ̀n, etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn, nítorí láfún ti gba ojú àti ọwọ́. O gbé ohun tí etí kò lè ṣọ́ wọ àárín wọn, èmi ìyá rẹ sì jó nígbà tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo jó. Ìwọ náà mọ̀ pé ó pẹ́ tí mo ti ń bá ariwo jà. Àwọn ọlọ́kadà tó jókòó níwájú mi ní ọsibítù kò lóǹkà, ọkùnrin tí irun wọn ò tíì funfun, tí wọn kò sì gbọ́ ohùn ọmọ wọn mọ́. Bàbá rẹ pàápàá ni àpẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ mi, wọ́n yọ inú sàlẹ́ńsà máṣíìnì wọn dànù kí n lè mọ̀ pé àwọn ló ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun àdúgbò. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Mo máa ń sáré lọ pa pàùdà bí mo bá ti gbọ́ ọ. Lónìí, bí mo bá pè wọ́n láti yàrá, "Kí ni mo tún ṣe?" ni wọ́n ń dáhùn, nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ohun tí kò bá pariwo kò lè pa ènìyàn lára. Ìmọ̀ mi ló ṣì mí lọ́nà. Etí ẹni tó gùn ún ni mo ń rò, n kò ro etí ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, ọmọ mi.

Èkíní, má ṣe dá a padà nítorí ìbẹ̀rù. Kò sí ohun tó ní àǹfààní tí kò ní àléébù, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kì í parẹ́ nítorí pé àléébù yọjú. O kì í tò síbi epo bẹntiróòlù mọ́. Èéfín kò wọ inú aṣọ iṣẹ́ rẹ. Kò ní púlọ́ọ̀gì tí yóò kú, kò ní ọ́ìlì tí a ń pààrọ̀, mẹkáníìkì kò sì rí ọ fi ṣe oúnjẹ. Páánù tó ń gba oòrùn lórí ilé ìwòsàn abà lè fún un ní iná nígbà tí o bá ń gún abẹ́rẹ́. O sọ fún mi fúnra rẹ pé ọmọ tó sùn sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kì í jí mọ́ bí o bá dé. Etí tìrẹ náà yóò pẹ́. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Nígbà tí mo jẹ́ dókítà kékeré, wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan lápá Ẹgbẹ́dá, wọ́n sì fún mi ní máṣíìnì. Eré ni mo ń bá a sá. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹni tó kí mi, n kò sì kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé oògùn ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tó yá, àwọn ìyá kò gbé ọmọ wá mọ́. Bàbá kan ló là mí lóye: "Dókítà, ìwọ tí o ò rí wa lójú ọ̀nà, ṣé inú ilé lo máa ti wá rí wa?" Ojú tì mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn káàkiri ilé wọn kí wọ́n tó dá mi lóhùn padà.

Ìwọ ní àǹfààní tí èmi kò ní. Alùpùpù tìrẹ dákẹ́, ohùn rẹ lè jáde. Láti kọ́nà ọ̀pẹ yẹn, dín eré kù, kí o sì ké: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú oòrùn o!" Má tẹ họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù máa ń já ènìyàn láyà, ẹni tí àyà rẹ̀ bá já kì í ronú kó tó fò. Ìkíni máa ń jẹ́ kí ènìyàn nàró kí ó sì dáhùn. Dúró dé ìdáhùn náà. Ẹni tí kò bá dáhùn, kà á sí ẹni tí kò gbọ́. Sọ̀kalẹ̀, kí o ti alùpùpù rẹ kọjá lára rẹ̀. Bóo ti lè kánjú tó, ti í kọjá.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ tí o ń lọ́ yẹn. Alùpùpù elépo máa ń kọ́kọ́ hu kó tó fà, tìrẹ kì í hu. Bí o bá ti lọ́ ọ báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ó bá sì dúró, kò sẹ́ni tó lè fi etí mọ̀ bóyá ó ti kú tàbí ó ṣì wà láàyè. Àwọn ọmọdé yóò wá fọwọ́ kàn án, wọn yóò lọ́ ọ ṣeré. Má ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ láìyọ kọ́kọ́rọ́. Má sì gbàgbé pé bátìrì yẹn wúwo. Nínú ẹrẹ̀ àti lórí láfún, bíréèkì òjijì yóò dà ọ́ nù, gẹ́gẹ́ bí o ti rí i.

Bátìrì ńkọ́? Òun ni mo bẹ̀rù ṣìkejì. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo gbé bátìrì mọ́tò kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa kí ó máa gba iná níbẹ̀, mo sì sá aṣọ lé e lórí nítorí kò sí àyè. Omi inú rẹ̀ jẹ aṣọ òfì tí ìyá mi fi sin mí nílé ọkọ, ó lu ú bí asẹ́. Bàbá rẹ ní ó kúkú di aṣọ afẹ́fẹ́. Bátìrì tìrẹ kò ní irú omi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbiná, iná rẹ̀ kì í gbọ́ ti omi bọ̀rọ̀. Nítorí náà, má ṣe gbé e sí ojú ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ yóò gbà sá jáde. Má gbé e sábẹ́ ibùsùn, má da aṣọ bò ó. Bí o bá ti inú oòrùn dé, jẹ́ kí ó tutù kí o tó fún un ní iná. Ohun èlò tí wọ́n fún ọ pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni kí o fi máa fún un ní iná, má yá ti ẹlòmíràn. Bí NEPA bá gbé iná wá tí gílóòbù ń tàn bí ẹni pé yóò bẹ́, yọ ọ́. Bí bátìrì bá wú, tàbí tí ó ń rùn, má gùn ún, má tún fún un ní iná. Bí ó bá ti ń rú èéfín, má ṣe akin: sá, kí o sì pariwo fún àwọn ará ilé.

Iná inú bátìrì kì í ṣe epo inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì. Bí ó bá tán mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín oko ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tà á fún ọ. Òkè àti ẹrù máa ń mu ún ju ọ̀nà títẹ́jú lọ. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kó dé ìlàjì, ilé ni kí o kọjú sí, abà yòówù tí ó kù. Abẹ́rẹ́ ọ̀la sàn ju nọ́ọ̀sì tó sùn sínú igbó lọ. Odò tó bá sì bo àárín táyà, má wọ̀ ọ́.

Ní ti ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, má ṣe lọ ṣàlàyé bátìrì fún Baálẹ̀. Àlàyé jẹ́ àìsàn ìdílé wa, fi í sílẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé Ìyá ló fò wọ iwájú rẹ jáde lẹ́nu rẹ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹjọ́ náà. Má sì sọ̀rọ̀ etí òsì wọn láàárín èrò. Wọ́n ti gbé e pamọ́ fún ara wọn láti ìgbà oyún Sùlé. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá rí mi ní Ìbàdàn nígbà tí ọwọ́ bá san, wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Sọ ohun tí ìwọ yóò ṣe nìkan: pé alùpùpù rẹ kò ní wọ abà mọ́ láìjẹ́ pé abà ti gbọ́ ọ.

Báwo ni wọn yóò ṣe gbọ́ ọ? Mo ronú kan ṣaworo tí mo so mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí o ń kọ́ ìrìn, kí n lè mọ ibi tí o bá fi ìdí wọ́ sí bí mo bá ń kàwé. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti dì í sínú àpò tí dírẹ́bà gbé wá. Ṣùgbọ́n ìró tín-ín-rín ni etí àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù, ṣaworo sì tín-ín-rín. Mo bá lọ sí ọjà Ṣáṣá, mo lọ ra agogo ọrùn màlúù lọ́wọ́ Hausa kan, nítorí ohùn tirẹ̀ nípọn.

Ó ní, "Hajiya, màlúù yín pọ̀?"

Mo ní, "Ẹyọ kan ni."

"Ṣé ó máa ń sá lọ ni?"

"Rárá," mo ní, "ó máa ń yọ́ wá ni."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Agogo náà wà nínú àpò kan náà. Ìró tó bá ń bá ìrìn lọ ni mo fẹ́, èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí yóò máa dàgbà, tí kò sì ní í dúró de ìrántí rẹ kó tó dún. Kò ní sọ apá ibi tí o wà fún ẹni tó ní etí kan, ṣùgbọ́n yóò fún un láyè láti yíjú wò.

Kí Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí yín sí lọ́jọ́ Ajé má ṣe jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti wí fún mi tipẹ́ pé ariwo ní ìwúlò tirẹ̀.

Ohun tí o máa ṣe rèé. Ní ọjọ́bọ̀, kí ìpàdé tó dé, fi alùpùpù sílẹ̀ sílé. Fi ẹsẹ̀ lọ bá Ìyá Sùlé, kúnlẹ̀, kí o sì bá ìyàwó Sùlé fọ́ láfún tó wà nílẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, bẹ Ìyá kí wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń sá láfún sí, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀, kí wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró. Ìwọ lọ sí kọ́nà ọ̀pẹ. Mi ṣaworo, kí o dúró. Mi agogo, kí o dúró. Mi méjèèjì pọ̀. Kí o máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń mì wọ́n. Èyí tí Ìyá bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ wọn tó dá ṣáṣá sókè fún, òun ni kí o fi wáyà so mọ́ abẹ́ ibi ìkẹ́rùsí, kí ó má kan táyà, kí o sì jẹ́ kí Ìyá fúnra wọn fọwọ́ fà á wò bóyá ó le.

Ìyá rẹ.